Snapshot, snapclone àbí mirrorclone: èwo ni kí n fi ṣe ẹ̀dà dísíìkì dátábéèsì wa lórí EVA?

OmoOkeAdo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ìbàdàn ni mo wà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mò ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà. EVA4400 àlòkù, ẹ̀rọ HP tó kó dísíìkì púpọ̀ jọ, ni wọ́n rà fún wa láti máa kó dátà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ra tuntun. Wọ́n ti sọ fún mi lókè pé kò sówó.

PostgreSQL ni dátábéèsì wa, orí Linux ló wà. Vdisk méjì (dísíìkì tí EVA gé jáde láti inú àwọn dísíìkì rẹ̀) ló ń lò: DATA01 tó jẹ́ 800 GB, àti WAL01 tó jẹ́ 60 GB, ibi tí Postgres ti ń kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà (WAL). VRAID1 ni méjèèjì, inú disk group (ọ̀wọ́ dísíìkì) Fibre Channel tó yára ni wọ́n sì wà. Àyè tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò ju bíi 1.9 TB lọ. Disk group kejì wà tó jẹ́ FATA (dísíìkì tó lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Wàhálà mi rèé. Àwọn ará akáǹtì fẹ́ máa ṣe ìjábọ̀ èlé àti èrè ìpín ní ìparí oṣù láì dí àwọn kaṣíà lọ́wọ́ ní kántà. Àwọn tó ń dán sọ́fítíwíà tuntun wò náà fẹ́ ẹ̀dà tiwọn tí wọ́n lè dà rú bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀gá wá dá tiẹ̀ sí i: ó ní ẹ̀dà kan náà ni ká fi ṣe backup, ká yé ra téèpù.

Mo ṣí Command View tí wọ́n fi ń darí EVA, mo rí snapshot, snapclone àti mirrorclone. Snapshot fúnra rẹ̀ tún pín sí "fully allocated" àti "demand allocated". Mo dán snapshot wò lórí Vdisk tí a kì í lò, kí n tó ṣẹ́jú ó ti parí. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe lè da nǹkan tó tóbi tó 800 GB kọ kíákíá bẹ́ẹ̀? Ibo ló kó o sí? Èwo nínú wọn ni kí n lò fún kí ni?

AyéTuntun

EVA? Lóde òní? Ẹ bá mi kí i, ẹ ní kó bá mi kí floppy nílé.

Baba_Ràákì

AyéTuntun, ẹni tó ń sanwó ló ń yan ẹ̀rọ. Jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn.

Àbúrò, kò dà á kọ. Nígbà tí o tẹ snapshot, kò sí bíìtì kan tó kúrò níbi tó wà. Controller, ìyẹn ọpọlọ EVA, ní àkọsílẹ̀ kan tó fi ń mọ ojú ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan Vdisk wà lórí àwọn dísíìkì. Àkọsílẹ̀ yẹn nìkan ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Vdisk àti snapshot rẹ̀ jọ ń tọ́ka sí àwọn ègé kan náà ni. Ọmọ tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú ni snapshot: ohun tó bá ṣe ìyá, ó ṣe òun náà. Kódà, kò lè kúrò nínú disk group tí ojúlówó wà.

Ìgbà tí ẹnìkan bá kọ nǹkan ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá kan wá san ₦5,000 sí kántà yín láàárọ̀. Kaṣíà tẹ̀ ẹ́ wọlé, Postgres sì fẹ́ kọ ọ́ sí ojú kan nínú DATA01. Controller á ní kó dúró ná. Á ka ohun tó wà lójú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, á kó ìyẹn sí àyè snapshot, ẹ̀yìn náà ló máa tó jẹ́ kí tuntun wọlé. Kíkọ ẹ̀ẹ̀kan ti di kíkà ẹ̀ẹ̀kan àti kíkọ ẹ̀ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá tún kọ nǹkan sójú kan náà lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìdádúró mọ́, nítorí ti àtijọ́ ti wà ní ìpamọ́. Ìdí nìyí tí sẹ́fà fi máa ń wúwo lẹ́yìn tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya snapshot, tí á sì fúyẹ́ bó bá yá. Cache, ìrántí yíyára tó wà nínú controller, máa ń bo díẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í bo gbogbo ẹ̀.

Wàyí o, ìparí oṣù tí o dárúkọ. Ìjábọ̀ tó kàn ń kà lásán kò ní wu snapshot léwu. Àmọ́ bí ẹ bá ya snapshot ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ẹ wá pín èlé sórí gbogbo àkáǹtì lórí ojúlówó ní aago mẹ́sàn-án, kò sí row ọmọ ẹgbẹ́ kan tí Postgres ò ní fọwọ́ kàn. O mọ̀ pé Postgres kì í tún row kọ lórí ti àtijọ́. Ó ń kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ni, á fi ti àtijọ́ sílẹ̀ de vacuum, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Index náà ń yí padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, snapshot tí kò jẹ nǹkan kan lálẹ́ á ti wú gan-an. Bí ẹ bá ní orí snapshot fúnra rẹ̀ lẹ ó ti pín èlé náà, ibi kan náà ló já sí: snapshot EVA ṣeé kọ nǹkan sí, ohun tí ẹ bá sì kọ sínú rẹ̀ ń jẹ àyè.

Ibẹ̀ ni fully àti demand ti yà sọ́tọ̀. Fully allocated á gba gbogbo àyè tó lè nílò láti ìbẹ̀rẹ̀. VRAID1 ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà 800 GB rẹ á jẹ 1,600 GB, WAL01 á jẹ 120, gbogbo rẹ̀ 1,720 GB nínú 1.9 TB tí o ní. Ó tán! Demand allocated á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba, á máa gbà sí i bí nǹkan bá ṣe ń yí padà. Òun ni kí o lò fún ìjábọ̀. Ṣùgbọ́n bí disk group bá kún, snapshot tí kò rí àyè gbà mọ́ á bàjẹ́, ìjábọ̀ á sì já lé àwọn ará akáǹtì lọ́wọ́. Nítorí náà, ya á láàárọ̀, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn, kí o pa á rẹ́ kí o tó lọ sílé. Má sọ ọ́ di ohun tó ń sun ibẹ̀ mọ́jú. Má sì ka àyè tí EVA yà sọ́tọ̀ nítorí ọjọ́ tí dísíìkì bá kú mọ́ tìrẹ: bí protection level bá jẹ́ single, ìlọ́po méjì dísíìkì tó tóbi jù nínú group ló fi pamọ́.

Snapclone ni ti àwọn tó ń dán nǹkan wò. Ẹ̀dà gidi ni. Ó ń bẹ̀rẹ̀ bíi snapshot, o lè gbé e fún sẹ́fà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n controller ń da gbogbo rẹ̀ kọ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ìwọ ń lò ó lọ. Títí tó fi máa parí, o ò lè pa ojúlówó rẹ́. Bó bá ti parí, kò sí ohun tó kan àwọn méjèèjì mọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú nípa rẹ̀ ni pé ó lè lọ sí disk group mìíràn, ó sì lè lo VRAID tó yàtọ̀ sí ti ojúlówó. VRAID5 lórí EVA jẹ́ mẹ́rin dátà, ọ̀kan ìdáàbòbò. 800 GB á jẹ 1,000, 60 á jẹ 75. Kó 1,075 GB yẹn sórí FATA rẹ tó ṣófo, disk group Fibre Channel ò ní gbọ́ nípa rẹ̀ rárá.

Ó ní ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìdàkọ bá ń lọ lọ́wọ́, bí kaṣíà bá kọ nǹkan sójú ibi tí controller ò tíì dà kọ, ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé orí FATA kí tuntun tó wọlé. FATA kì í yára. Nítorí náà dísíìkì tó yá á máa dúró de èyí tó lọ́ra. Òru ni kí o ṣe é, nígbà tí kántà ti tì. Bí o bá ṣe é ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á pè ọ́ lórí fóònù títí bátìrì ẹ á fi kú.

Má sì jẹ́ kí wíwá àyè dá ọ dúró. Kí ọjọ́ tó pé, ṣẹ̀dá container, ìyẹn àyè òfìfo tó tóbi bákan náà pẹ̀lú DATA01, sínú disk group FATA, kí o ṣe ti WAL01 náà. Bó bá ku díẹ̀, yí cache àwọn ojúlówó sí write-through (kíkọ tààrà dé orí dísíìkì) kí ohun tó wà nínú cache lè bọ́ sórí dísíìkì. Tẹ snapclone sínú container, kí o dá cache padà sí write-back (kíkọ sí cache ná, kó tó dé dísíìkì). Púpọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ìdápadà yẹn, wọ́n á wá máa bèèrè lọ́jọ́ kejì pé kí ló ṣe sẹ́fà. Nígbà tí àwọn tó ń dán nǹkan wò bá ti parí, má pa ẹ̀dà náà rẹ́. Sọ ọ́ padà di container, tún un lò nígbà mìíràn.

Mirrorclone: má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Ó dára fún ẹni tó ní disk group méjì tí wọ́n yára bákan náà. Gbogbo ohun tí o bá kọ sí ojúlówó ló máa kọ síbẹ̀ pẹ̀lú; ìgbà tí o bá fẹ́ lò ó, o ya wọ́n nípá, bó bá ṣe tán, ìwọ̀nba ohun tó yí padà láàárín nìkan ló máa tún dà kọ. Ó ṣeé fi dá ojúlówó padà sípò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lórí FATA tìrẹ, tọ̀sán-tòru ni á máa fa àwọn kaṣíà sẹ́yìn.

Ti backup tí ọ̀gá rẹ wí, rárá. Bá mi sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Snapshot wà nínú disk group kan náà pẹ̀lú ojúlówó. Snapclone bọ́ sí group mìíràn, àmọ́ controller kan náà ló ń darí wọn, inú ràákì kan náà ni wọ́n wà, iná kan náà ni wọ́n ń lò. Bí òrùlé bá jò sórí ràákì, méjèèjì ló lọ. Ẹ máa ra téèpù yín, tàbí kí ẹ máa ti orí snapshot da nǹkan kọ sórí sẹ́fà mìíràn nínú ilé mìíràn.

Nígbà tí mo dárúkọ iná: ẹ̀rọ àlòkù, bátìrì cache ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó wo ohunkóhun. Bátìrì yẹn ló ń gbé ohun tí kò tíì dé orí dísíìkì dúró nígbà tí iná bá lọ tí UPS sì juwọ́ sílẹ̀. Bó bá ti kú, EVA á fúnra rẹ̀ bọ́ sí write-through, gbogbo nǹkan á falẹ̀, ìwọ á sì máa nà snapshot tí kò mọ nǹkan kan.

pg_Àkànní

Ẹ kú àlàyé, Baba. Ohun kan ṣẹ́ kù tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ o.

DATA01 àti WAL01 jẹ́ Vdisk méjì. Bí o bá ya ọ̀kan, tí o wá ya èkejì, o ti ní ẹ̀dà àkókò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní WAL01 ni o kọ́kọ́ yà, DATA01 tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Láàárín ìyẹn, Postgres ti kọ ìsanwó kan sínú WAL, ó sì ti kọ ọ́ sórí DATA01 pẹ̀lú. Nínú ẹ̀dà tìrẹ, DATA01 mọ ohun tí WAL01 kò gbọ́ rí. Bí o bá tan Postgres lórí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, ó sàn kó kọ̀ tí ò ní dìde. Èyí tó burú ni kó dìde, kó máa dáhùn, kí àkáǹtì ẹnìkan má bára mu, kí ẹ má sì tètè mọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lórí EVA ni kí o lọ sínú SSSU, ibi tí a ti ń fi àṣẹ kíkọ darí EVA, kí o lo ADD MULTISNAP, kí o dárúkọ Vdisk méjèèjì pa pọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lójú ẹsẹ̀ kan náà, ni controller máa yà wọ́n. Ẹ̀dà tí o máa rí á dà bíi pé iná lọ lójijì ní ìṣẹ́jú yẹn. Postgres á ka WAL rẹ̀ nígbà tó bá dìde, á tún ara rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tó sì mọ̀ dunjú nílẹ̀ wa níbí nìyẹn.

Bí o ò bá fọkàn tán ìyẹn, pe pg_backup_start kí o tó yà wọ́n, kí o pe pg_backup_stop lẹ́yìn rẹ̀. Bí Postgres yín bá ṣáájú 15, pg_start_backup àti pg_stop_backup ni orúkọ wọn. Psql tí o fi pe ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí títí wàá fi pe ti ìkejì. Ohun tí ti ìkejì bá dá padà, o gbọ́dọ̀ fi í ṣe fáìlì backup_label nínú ẹ̀dà náà, kí o sì ní gbogbo WAL tó wáyé láàárín méjèèjì. Àwọn kan máa ń lo fsfreeze, àṣẹ Linux tó ń dá kíkọ dúró, lórí mount méjèèjì, wọ́n á yà wọ́n, wọ́n á tú u. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí script yín bá kú sáàárín láì tú u, dátábéèsì á dúró gbọin, gbogbo kántà á máa wo ara wọn lójú.

OmoOkeAdo

Ẹ ṣeun púpọ̀ púpọ̀. Mo wo bátìrì lóòótọ́. Controller kan ń sọ pé bátìrì rẹ̀ ti kú. A ti bèèrè òmíràn.

Mo sọ ti backup fún ọ̀gá. Ó gbà, ó wá gbé òmíràn dé: ó ní ẹ̀ka wa ní Ìkẹjà ní EVA4400 tirẹ̀, ṣé a ò lè so méjèèjì pọ̀ kí ohun tí a bá kọ ní Ìbàdàn máa dé ọ̀hún lójú ẹsẹ̀? Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń fi téèpù ṣe?

Ṣadé_Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gba apá yìí, òun ni mo fi ń jẹun níbí.

Ó ṣeé ṣe. Continuous Access ni wọ́n ń pè é, ó sì ní láìsẹ́nsì tirẹ̀. Ẹ ó kó DATA01 àti WAL01 sínú DR group kan ṣoṣo. Ẹ má yà wọ́n sí méjì, nítorí ọ̀rọ̀ tí Àkànní sọ lẹ́ẹ̀kan: inú DR group kan ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohun tí ẹ kọ ti máa ń dúró bó ṣe wà títí dé ọ̀hún, wọ́n á sì jọ ṣí lọ pa pọ̀ bí wàhálà bá dé.

Ọ̀nà méjì ló wà tí ẹ lè yàn. Bí ẹ bá yan synchronous, Postgres yín kò ní gbọ́ "ó ti wọlé" títí Ìkẹjà yóò fi jẹ́rìí pé òun náà ti gbà á. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú okùn fibre ní bíi 200,000 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí okùn yín bá jẹ́ 120 km, lílọ àti bíbọ̀ á gba 1.2 mílísẹ́kọ́ńdì kí a tó ka switch àti gateway mọ́ ọn. Lórí ìwé, kò burú rárá. Ṣùgbọ́n okùn kì í tẹ̀lé ojú ọ̀nà mọ́tò tààrà, gbogbo COMMIT tí kaṣíà kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe ló máa san owó ìrìnàjò náà. Asynchronous ni èmi máa yàn fún yín: Ìbàdàn á gbà á, á dá Postgres lóhùn, á wá máa fi ránṣẹ́ létòlétò láti inú log. Bí Ìbàdàn bá jóná, ìwọ̀nba ohun tí kò tíì lọ lẹ máa pàdánù.

Ohun tó máa yọ yín lẹ́nu kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Katakata tó ń hú ilẹ̀ ojú ọ̀nà ni. Nígbà tí okùn bá já, EVA Ìbàdàn á máa kó ohun tí ẹ bá kọ sínú log, log yẹn sì ń jẹ àyè nínú disk group. Bí okùn bá tètè padà, log á tú jáde létòlétò. Bí log bá kún kó tó padà, EVA á da log nù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo Vdisk kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. 860 GB lórí okùn 100 Mb/s jẹ́ bíi wákàtí 19, bí ẹnikẹ́ni ò bá lo okùn náà pẹ̀lú yín. Nígbà tí ìdàkọ yẹn bá ń lọ, ẹ̀dà Ìkẹjà kì í ṣe ohun tí Postgres lè dìde lórí rẹ̀: apá kan jẹ́ ti òní, apá kan jẹ́ ti ọjọ́ tí okùn já. Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya snapclone sílẹ̀ ní Ìkẹjà ná. Ó ti pẹ́, àmọ́ ó pé.

Ẹ wo failsafe pẹ̀lú. Bí ó bá wà ní títàn, tí okùn sì já, DATA01 ti Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kò ní ṣeé kà, kò ní ṣeé kọ. Ilé-iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ kọ ohun tí kò sí ní ibi méjì ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ẹ pa á ní tiyín.

Kí ẹ wá bá mi sọ fún ọ̀gá yín nípa téèpù. Replication kò mọ rere yàtọ̀ sí ibi. Bí ẹnìkan bá kọ DELETE láì fi WHERE sí i ní Ìbàdàn, á dé Ìkẹjà kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ohun tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn ni ẹ̀dà àná, èyí tí kò tẹ̀lé òní lọ. Ohun tí mo máa ń bá àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ṣe ni pé ká máa ya snapshot lójoojúmọ́ ní ẹ̀yìn ọ̀hún, ká sì máa ti orí rẹ̀ kó nǹkan lọ sórí téèpù. Ẹ̀rọ ìlú míì ló ń ṣe wàhálà yẹn, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn kaṣíà.

OmoOkeAdo

Ọ̀gá ka èyí fúnra rẹ̀. Ó ní kí ẹ kú iṣẹ́, ó sì ní téèpù ń bọ̀. Ti Ìkẹjà á dúró de owó láìsẹ́nsì.

Mo ti ṣe snapclone pẹ̀lú MULTISNAP lóru àná sínú container lórí FATA, bí Baba ṣe wí. Ó parí. Ìṣòro mi báyìí: mo gbé e fún sẹ́fà dátábéèsì náà gan-an kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò, LVM (ètò tí Linux fi ń to dísíìkì) bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun rí PV (dísíìkì tí LVM ń lò) méjì tí ìdánimọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan. Mo tètè gbà á padà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo wá gbé e fún sẹ́fà àwọn tó ń dán nǹkan wò, LVM ò sọ nǹkan kan níbẹ̀, ó mount. Ṣé mo lè jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀? Kí sì ni mo lè ṣe bí mo bá fẹ́ ẹ̀dà méjì lórí sẹ́fà kan náà?

Baba_Ràákì

O ṣe dáadáa tí o tètè gbà á padà. Ẹ̀dà yẹn gbé gbogbo ìdánimọ̀ ojúlówó dání: UUID ti PV, orúkọ volume group, UUID ti fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù. Linux kò mọ èwo ni bàbá, èwo ni ọmọ. Má gbé e fún sẹ́fà ojúlówó mọ́ láé.

Bí ẹ̀dà méjì bá fẹ́ wà lórí sẹ́fà kan, lo vgimportclone lórí èkejì. Á fún un ní UUID tuntun àti orúkọ volume group tuntun. Bí fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù bá jẹ́ XFS, ó ṣì máa kọ̀ láti mount nítorí UUID tirẹ̀ kò yí padà. Fi `-o nouuid` sí mount. Bí ẹ̀dà náà máa pẹ́ níbẹ̀, mount ẹ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú nouuid kí log rẹ̀ lè ka ara rẹ̀ tán, umount ẹ, kí o wá fi `xfs_admin -U generate` fún un ní tirẹ̀.

Àmọ́ má tíì jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Dátábéèsì yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀dà lòun. Bí ó bá ní iṣẹ́ alẹ́ tó ń fi SMS ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, á fi ránṣẹ́. Fojú inú wo bàbá àgbàlagbà kan ní Mọ́kọ́lá tí fóònù rẹ̀ sọ fún un láago méjì òru pé ẹ̀yáwó ₦2,000,000 tí kò gbà ti bọ́ sí àkáǹtì rẹ̀, torí pé ẹnìkan ń dán bọ́tìnì wò. Yọ adirẹ́sì SMS gateway kúrò, dá cron tó ń tan iṣẹ́ alẹ́ dúró, yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú rẹ̀ padà, kí o tó fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti BVN àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ojúlówó. Kọ script kékeré tó máa pa orúkọ dà, tó máa fi nọ́ńbà asán rọ́pò nọ́ńbà, kí o gbé e sáré lórí ẹ̀dà ná. FATA ò ní yára sí i, jẹ́ kó máa lọ lóru.

Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe tán, tí o fẹ́ sọ ọ́ padà di container, má ti Command View bẹ̀rẹ̀. Dá Postgres dúró, umount, `vgchange -an` lórí volume group náà, yọ ọ́ kúrò nínú multipath (ètò tó ń so ọ̀nà púpọ̀ tó lọ sí dísíìkì kan pọ̀), pa àwọn orúkọ sd tí Linux fún un rẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o lọ sí Command View, kí o gba Vdisk náà kúrò lọ́wọ́ sẹ́fà, kí o tó yí i padà. Bí o bá gbà á lójijì, Linux á máa wá dísíìkì tí kò sí mọ́, multipath á máa to ìbéèrè jọ de ọ̀nà tí kò ní padà wá, `vgs` á dúró láì dá ọ lóhùn, ó sì lè di dandan kí o tún sẹ́fà náà tàn.